Ààlè Tí Mo Pa Sídìí Ẹ̀fọ́ Mi

Ẹ jókòó ná, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣàngótẹ̀dó fún yín. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti sọ ọ́, ojú ló ń tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wo fídíò tí mo fi sórí status mi lọ́jọ́ náà, tí ẹ fi ẹ̀rín kún inú fóònù mi, tí ẹ ní kí n wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ẹ gbọ́ ibi tó já sí.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gba ìwọ̀sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba iwájú mi kọjá níbi tí a ti tò, màá fà á lẹ́wù padà ni, ìbáà ṣe àgbà. Ìwà yẹn ti gbè mí láìmọye ìgbà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbè mí rárá.

Ilé ilẹ̀ ni ilé tí à ń gbé. Flat méjì ló wà níbẹ̀, ògiri kan ló pín wa níyà. Èmi àti ọkọ mi wà lápá kan, Àǹtí Ṣadé tí kò tíì pẹ́ tó kó dé wà lápá kejì. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ńlá tó wà ní ọ̀nà Ìbẹ́jú-Lekki, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Àǹtí Ṣadé ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Eléko. Èmi ní tèmi, tíṣà ni mí, ọ̀sán ni mo máa ń dé, ilé á sì dá wáí bí ilé tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀.

Àbàtà ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò ṣe é gbin nǹkan. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi lẹ máa bá, tí kì í bá ṣe omi, á jẹ́ yanrìn funfun tí wọ́n fi dí omi. Ìdí nìyẹn tí onílé fi kan dẹ́ẹ̀kì onípákó sẹ́yìn ilé, tó ga sókè díẹ̀, tó lọ láti ẹnu ilẹ̀kùn ìdáná wa dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Àǹtí Ṣadé.

Orí dẹ́ẹ̀kì yẹn ni mo sọ di oko. Ike ọ̀dà, àpò ìrẹsì, bàsíà tí ìdí rẹ̀ ti lu, kúlà àtijọ́ tó ti là, gbogbo wọn ni mo da erùpẹ̀ dúdú sí, tí mo pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, mo gbin ata rodo, mo ri igi ewúro méjì, mo sì gbin tòmátì sínú kúlà. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé àgbẹ̀ orí pákó lòun fẹ́. Nígbà tó jẹ ẹ̀fọ́ náà, kò rí nǹkan kan sọ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo rí i pé wọ́n ti já nínú tẹ̀tẹ̀ mi. Kì í ṣe bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ́ o. Wọ́n já orí rẹ̀ lókè oríkèé gan-an, níbi tí ẹ̀ka tuntun á ti yọ, bí ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ láti kékeré. Èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n já bẹ́ẹ̀.

Ta ni mo fẹ́ fura sí? Àwa méjì péré la wà nínú ilé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Àǹtí Ṣadé. Ó yọjú, kò ṣí ilẹ̀kùn tán, òórùn òrí sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ látinú ilé. Mo fi ọgbọ́n bi í. Ó ní òun kì í fi bẹ́ẹ̀ dáná nílé, ibi iṣẹ́ lòun ti ń jẹun, àti pé láti ìgbà tí òun ti kó dé òun ò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn rí. Àárẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ kọjá ti ẹni tó ń purọ́. Mo padà sílé, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á gbọ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa èpò inú ike mi tu. Wọ́n á tò ó jọ sétí pákó, wọ́n á dojú gbòǹgbò rẹ̀ kọ oòrùn kó lè gbẹ, bí àwọn àgbẹ̀ gidi ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ mìíràn, mo bá tòmátì mi tí wọ́n ti fi àkísà ànkárá tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ igi kó má baà wó. Mo fọwọ́ kan kókó tí wọ́n ta sí i. Ó tutù, ó sì ń yọ̀, bí ẹni pé ẹnu ni wọ́n fi fà á le. Mo nu ọwọ́ mi sára síkẹ́ẹ̀tì, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Olè wo ló ń báni ro oko? Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Mo pe ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní lébìrà ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀, tí erùpẹ̀ ṣàn jáde látinú àwọn ike, mo rí ipa ẹsẹ̀ lórí dẹ́ẹ̀kì. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni. Ọmọ ìka rẹ̀ pé, gìgísẹ̀ rẹ̀ hàn kedere. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò sí. Ìlà gbọọrọ kan ló wà níbi tó yẹ kó wà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ igi nílẹ̀. Ó lọ láti ìdí ike kan dé ìdí èkejì, kò fo ọ̀kankan, ó dé ibi tí òrùlé bò tí pákó sì gbẹ, ó pòórá.

Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé iwin kan wà nínú igbó tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí kò sí ewé tí kò mọ̀. A máa ń bá ìyá yẹn jiyàn nígbà náà, a ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo dúró lórí dẹ́ẹ̀kì ní Ṣàngótẹ̀dó, mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀rọ̀ ìyá náà sì ń padà dún létí mi. Ṣé mo tún jẹ ẹ̀fọ́ náà? Mo jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ ti wọ́n.

Èyí tó wá kọjá àfaradà ni ti ọjọ́ tí àgbàrá kún ojú ọ̀nà, tí wọ́n ní kí àwa tíṣà tètè máa lọ sílé. Mo gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé jẹ́jẹ́, mo wà ní ìdáná tí mo ń bu omi mu. Mo gbọ́ ọ lórí pákó níta. Ìṣísẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ohun kan á wọ́ tuurutu. Ìṣísẹ̀ kan, á tún wọ́ tuurutu. Ẹnì kan sì ń kùn nínú, kò lórin, kò lọ́rọ̀, ó dà bí ohùn ẹni tó ń pe adìyẹ wá jẹun.

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo rọra lọ sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ń wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo fi máa ráyè ṣí i, kò sẹ́nì kankan. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, síbẹ̀ ewé ewúro ń mì. Omi ń kán tó-tó-tó lábẹ́ àwọn ike tó wà lábẹ́ òrùlé, níbi tí òjò ò dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin wọ́n ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù bà mí títí ẹ̀rù fi di ìbínú. Ṣé torí pé ilé ò lénìyàn ni wọ́n á ṣe sọ mí di ẹni tí kò ní ẹnu níwájú ilẹ̀kùn ara mi? Mo rántí bàbá bàbá mi ní Ìkirè. Tí wọ́n bá ti jí wọn níṣu, wọn kì í pariwo. Wọ́n á wá àkísà pupa, wọ́n á wá ìgbálẹ̀ tó ti di ṣáṣá, ṣúkù àgbàdo àti ìkarahun ìgbín, wọ́n á so wọ́n pọ̀ kọ́ sí etí oko. Ààlè nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé ìgbálẹ̀ yẹn á gbá ilé olè mọ́ féú, pé olè náà á ku òfìfo bí ìkarahun, á ku ìhòòhò bí ṣúkù. Kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀ mọ́.

Mo kó tèmi jọ. Mo so ó mọ́ òpó dẹ́ẹ̀kì, mo gbé fóònù dúró, mo sì ń sọ̀rọ̀ lóhùn òkè bíi ti bàbá bàbá mi. Mo ní olè tó bá tún fọwọ́ kan ẹ̀fọ́ mi, ọwọ́ náà kò ní gbé oúnjẹ dé ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Fídíò yẹn lẹ rí lórí status. Ohun tí ẹ ò rí ni pé bí mo ṣe yí padà, kọ́tìnì ojú fèrèsé ẹ̀yìn Àǹtí Ṣadé mì, ó sì rọra balẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti dé etí ẹni tó yẹ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó já ẹ̀fọ́ mi mọ́. Kò sí ipa ẹsẹ̀. Èpò hù bo ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ yọ òdòdó ó sì le, tòmátì wó lu igi. Mo máa ń dé lọ́sàn-án, màá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ìdáná, màá kan máa wò. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀ wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ti pa nǹkan, tí kò mọ ohun tó pa.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Àǹtí Ṣadé kan ilẹ̀kùn wa. Kò kí mi. Ó bi mí bóyá èmi ni mo so nǹkan kan sẹ́yìn ilé. Mo múra ìjà, mo ní èmi ni, kí ló dé?

Ó bú sẹ́kún.

Màmá rẹ̀ wà nínú ilé. Láti ìgbà tó ti kó dé ni màmá náà ti wà níbẹ̀, ògiri kan péré ló wà láàárín ibùsùn wọn àti ìdáná mi, èmi ò mọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n, ó mú apá ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àǹtí Ṣadé gbé wọn wá láti ìlú wọn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún onílé pé ó máa gbé ibẹ̀. Obìnrin tó ń bá a tọ́jú wọn lọ́sàn-án kò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi kẹ́rù rẹ̀ lọ. Àǹtí Ṣadé kàn ń gbé oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ wọn láàárọ̀ ni, á sì máa gbàdúrà títí tó fi máa dé.

Ó ní ó tó ọjọ́ mélòó kan báyìí tí màmá ti kọjú sí ògiri. Wọn ò jẹun. Omi tí wọ́n bá fún wọn, wọ́n á jẹ́ kó ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Nọ́ọ̀sì wá, kò rí àìsàn tuntun kankan, ó kàn ní tó bá fi lè rí bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀mí wọn ò ní gbé e. Ohun kan ṣoṣo tí màmá ń ṣe ni pé wọ́n ń nawọ́ òsì sí fèrèsé ẹ̀yìn. Òní ló wá gbé kọ́tìnì sókè, tó rí ohun tó ń rọ̀ níta.

“Tíṣà, màmá mi ò lè rìn,” ló sọ. “Ní hospital, èèyàn méjì ló máa ń gbé wọn dúró, wọn ò sì lè gbé ẹsẹ̀. Kí ni ààlè yín wá ń wá lọ́rùn wọn?”

Mo tẹ̀ lé e wọlé.

Obìnrin kékeré kan ló wà lórí ibùsùn, ó ti gbẹ, ó kẹ̀yìn sí wa. Aṣọ tí wọ́n ró, mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Òun ni ànkárá tó wà lára tòmátì mi, etí rẹ̀ kan ti fàya. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Gbogbo ẹ̀yìn ọmọ ìka ibẹ̀ ti bó. Àǹtí Ṣadé ní òun ti ń fi òrí pa á láti ọjọ́ yìí, pé ibùsùn ló ń bó wọn lára. Mo rí ewé kan tó yọ lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, mo gbé ìrọ̀rí náà sókè. Tẹ̀tẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti rọ, òmíràn ti gbẹ, wọ́n dì í ní ìdì kéékèèké bí ẹ̀fọ́ tó ń lọ ọjà.

Àǹtí Ṣadé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ẹ̀fọ́ ni màmá òun gbìn tà nílé títí òun fi jáde ìwé, pé gbogbo ọjà ló fọkàn tán wọn, tí wọ́n ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wọn ṣọ́. Ó ní láìpẹ́ yìí, tí òun bá dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n máa ń gbá ìrọ̀rí, wọ́n á máa ní, “Gbé, gbé,” òun á sì rò pé orí ń dùn wọ́n ni, òun á kàn fọwọ́ tún etí ìrọ̀rí náà ṣe láìgbé e sókè.

Mo kúnlẹ̀ létí ibùsùn. Mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò mọ̀ pé àwọn ni, ààlè náà ò lágbára kankan, eré ni mo fi ṣe. Wọn ò yíjú. Mo sọ ọ́ títí, ẹ̀rù ń bà mí sí i. Ẹ̀mí èèyàn kan wà lọ́wọ́ mi, eré ni mo sì ń pè é. Nígbà tó yá, màmá la ẹnu. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ó wá bí ẹni pé wọ́n ń fà á láti inú kànga.

“Èmi... kì í ṣe... olè.”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ikú ló dá wọn dùbúlẹ̀, ìtìjú ni. Obìnrin tí gbogbo ọjà ìlú wọn máa ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ṣọ́, tí kò mú ewé kan tí kì í ṣe tirẹ̀ rí, èmi ni mo dúró níwájú fèrèsé rẹ̀, tí mo pè é lólè, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Mo dìde láti lọ já ààlè náà sọnù. Màmá ké. Igbe kékeré ni, ṣùgbọ́n ó dá mi dúró. Wọ́n mi orí wọn lórí ìrọ̀rí. Wọ́n ní, “Olóko.”

Bàbá bàbá mi máa ń sọ ọ́, pé ààlè kì í mú olóko, olóko nìkan ló sì lè tú u. Lójú màmá, bí mo bá já a dànù, mo kàn ṣàánú olè ni. Olè náà ṣì wà lórúkọ wọn.

Mo tún kúnlẹ̀. Mo ní, “Mà, ta ló ń fa èpò? Ta ló ń bomi rin? Èmi kàn ra ike ni. Ẹ̀yin lẹ ni oko. Ẹ wá tú ààlè yín, Mà, ẹ̀fọ́ yín ti ń kú lọ.”

Wọ́n yíjú sí mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí ojú wọn.

Èmi àti Àǹtí Ṣadé gbé wọn sórí àga, a gbé àga náà jáde sórí dẹ́ẹ̀kì. Bọ́ọ̀tì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, tí Àǹtí Ṣadé ní òun ò ṣí rí, kò le rárá. Ó wò ó, ó wò mí. A gbé màmá dé ìdí òpó. Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n lò. Wọ́n tú àkísà pupa, wọ́n tú ìgbálẹ̀, wọ́n tú ṣúkù àti ìkarahun, wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jábọ́ sínú àbàtà. Ó pẹ́ gan-an. A ò bá wọn fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, wọ́n na ọwọ́ sí tẹ̀tẹ̀ tó wà nítòsí, wọ́n já orí rẹ̀ lókè oríkèé, wọ́n sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Gbà,” ni wọ́n wí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n mu omi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ ẹ̀kọ tútù díẹ̀.

Wọ́n ṣì wà láàyè, mo dúpẹ́. Ara wọn ti ń le díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti ń pọ̀ lẹ́nu wọn. Lójoojúmọ́ tí mo bá dé, màá gbé wọn jókòó sórí dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì júwe fún mi. Ọkọ mi bá onílé sọ ọ́, onílé náà ò sì bínú tó bí a ṣe rò. Àǹtí Ṣadé ṣì ń jiyàn títí di òní pé màmá òun ò rìn rí, pé kò ṣeé ṣe, dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti pa ààlè yẹn, wọn ò tíì dìde mọ́. A ti gbé wọn dúró títí, ẹsẹ̀ ò gbà. Ohun tí oògùn ò lè ṣe, ẹ̀fọ́ inú ike ọ̀dà ṣe é, èmi sì fi ẹnu mi dá a jókòó padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí o. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ sí olè tí ẹ ò rí, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbọ́. Ẹ̀rù tó ń bà yín lẹ́yìn ilé lè jẹ́ àgbàlagbà kan tó ń gbìyànjú láti dìde. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ní ìtàn ààlè tàbí ti aládùúgbò tí ẹ ò mọ̀ rárá. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀ níbi tí ẹ wà yẹn, kí ẹ tẹ́tí. Ta ló ń gbé lẹ́yìn ògiri yín?